Ẹsẹ̀ Kan Ná

Èmi ò lẹ́nu méjì, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbẹ̀bí ni mí. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mò ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Iṣẹ́ kan náà ni lójú tèmi. Ọmọ tuntun tó bá tọ̀ síni lára, a kì í torí ẹ̀ gbé e sọnù.

Wẹ́dà ló wá tọ̀ sí gbogbo wa lára. Irin ló ń jó pọ̀ lẹ́bàá títì, ọtí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ kí Ọlọ́run tó bá wa gbà á. Torí ọtí yẹn ni bàbá ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, ṣe wá mú ọmọ ẹ̀ lọ sílé. Wẹ́dà jáwọ́ nínú ọtí, alàgbà ò dá ìyàwó padà. Ó ní kó ṣèrìbọmi ná, kí òun fi mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣèrìbọmi, a wà ní ìpàdé àdúrà. Alàgbà fúnra ẹ̀ ló ń darí wa. "Gbogbo ẹni tó dúró sọ́nà mi, kí wọ́n ṣubú, kí wọ́n má lè dìde!" A ṣe àmín, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Pásítọ̀ wá ní kí ẹni tó bá ní ẹrù lọ́kàn gbàdúrà síta. Wẹ́dà dìde. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

"Olúwa, bàbá ìyàwó mi ló dúró sọ́nà mi. Àwọn ni wọ́n jókòó síwájú yẹn, tí wọ́n wọ aṣọ búlúù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀ méjèèjì."

Ẹnì kan lẹ́yìn ti ń ṣe àmín lọ kó tó gbé e mì. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti yọ Wẹ́dà kúrò lára àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi.

Mo lọ bá a níbi iṣẹ́. Kò gbójú sókè.

"Mo ti bà á jẹ́, Màmá."

"O bà á jẹ́ lóòótọ́."

"Ṣé kí n wá máa parọ́ pé mi ò bínú sí wọn ni?"

"Má parọ́ rárá. Ẹsẹ̀ méjì lo ní kí Ọlọ́run ṣẹ́. Fi ọ̀kan sílẹ̀ lónìí."

Ó ro ó títí. "Èwo?"

"Èyí tó bá wù ẹ́."

"Ó dáa, ọ̀tún." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. A kì í fọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù.

Ibẹ̀ ni mo ti kọrí sí ìpàdé àwọn alàgbà. Wọn ò pè mí, mo sì wá àga jókòó.

"Ṣé ó ti dárí jì mí?" ni alàgbà bi mí.

"Ó ti fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ sà."

"Ẹsẹ̀ kan kẹ̀?"

"Ọmọ ọwọ́ ni, èkejì ń bọ̀. Àdúrà tiyín ńkọ́, Bàbá? Àwọn tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣubú, kí wọ́n má dìde, ta ni wọ́n?"

"Ọ̀tá ni."

"Ọ̀tá yẹn ò lórúkọ?"

Ó yíjú sí Pásítọ̀. Inú ti ń bí mi gidi. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ládùúrà yẹn. Òun kàn dárúkọ ni. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹsẹ̀ mélòó lẹ ti fi sílẹ̀ fún un?"

Pásítọ̀ ní kí n ṣọ́ ẹnu mi. Mo ní mo ti ń ṣọ́ ọ látàárọ̀. "Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa mú un wọnú omi. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà, kó kọ́kọ́ gbé mi kúrò lọ́nà. Mi ò sì fúyẹ́."

Nínú ìjọ wa, olùkọ́ ló ń fa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wọ omi, ará ilé ẹ̀ á dúró létí omi pẹ̀lú aṣọ ìnura. Wẹ́dà ò rí ẹni dúró fún un, ni mo bá gbé aṣọ ìnura kọ́ èjìká ara mi, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú ṣinṣin. Pásítọ̀ wò mí látinú omi, ó wo alàgbà. Mi ò tú ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Ṣé o ti dárí ji gbogbo èèyàn?" ni Pásítọ̀ bi Wẹ́dà.

"Ó ku ẹsẹ̀ kan sà."

Gbogbo ìjọ kùn. Pásítọ̀ di èjìká ẹ̀ mú. "Ó ku ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ èmi náà," ó ní, ó sì rì í bọmi.

Nígbà tí Wẹ́dà jáde, òtútù ń mú un, ó ń gbọ̀n. Ìyàwó ẹ̀ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀.

"Jókòó," ni alàgbà wí.

Kò jókòó. Ó rìn wá síwájú, ó gba aṣọ ìnura léjìká mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu orí ọkọ ẹ̀.

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?" ló bi í.

Wẹ́dà wo àna ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Mo ti fi sílẹ̀. Kí ni wọ́n á fi rìn wá kí wa nílé?"