Bébà Tí Mo Fọ̀

Ọmọ mi obìnrin, tó ń bá àwọn tó ń yẹ afẹ́fẹ́ ìlú wò ṣiṣẹ́, so bébà funfun róbótó méjì mọ́ fèrèsé ilé wa: ọ̀kan ní yàrá iwájú tó kọjú sí títì, níbi tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn, ìkejì ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí èmi ń gbé ìdí ńlá mi sí. Ọmọ rẹ̀, Tíńtín, ti ń wúkọ́ láti bí oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá yàrá ló fà á.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ọ̀sẹ̀ kan ni."

"Kí ló fẹ́ mú? Eṣinṣin?"

"Eruku tójú ò lè rí. Èéfín ọkọ̀ náà, tí oòrùn bá ti pa á, á para dà, á di nǹkan tó ń ta ọ̀nà ọ̀fun."

"Ṣé èéfín àti oòrùn wá ń fẹ́ra wọn lókè ni?"

"Wọ́n ń fẹ́ra wọn, Màmá. Ọmọ tí wọ́n ń bí ni ò dáa."

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ pé, mo lọ gbálẹ̀ yàrá iwájú. Bébà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú tì mí. Èmi tí mò ń fi ìmọ́tótó yan fanda ládùúgbò, kí wọ́n wá ní ọ̀bùn ló bí ọmọ mi? Mo bu omi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a, mo so ó padà. Ó funfun ju eyín mi lọ, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ mi tú méjèèjì wò; ti yàrá ẹ̀yìn kàn ṣú díẹ̀ ni. "Yàrá iwájú ò mà lẹ́bi kankan. Ká máa sùn síbẹ̀ náà nìyẹn."

Tíńtín wúkọ́, wẹ́rẹ́, bí ọmọ ewúrẹ́. Mo lè panu mọ́ o. Ogún ọdún ni mo ti ń dá jayé orí mi ní yàrá ẹ̀yìn.

"Mo fọ̀ ọ́," ni mo wí.

"Ẹ fọ kí ni?"

"Bébà. Mo fi ọṣẹ sí i pẹ̀lú."

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ló ń rín.

"Omi yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Dúdú kirikiri."

"Màá so òmíràn lọ́la. Ọ̀sẹ̀ kan sí i, a ó mọ̀."

"Ìwọ so bébà rẹ. Èmi ti rí omi." Mo ti ń wọ́ mátírẹ́sì wọn lọ sí ẹ̀yìn.

"Yàrá yẹn ò gba ẹni mẹ́ta."

"Á gbà wá. Ìdí mi ló máa fún mọ́ra."

Tíńtín di etí mátírẹ́sì kejì mú. "Màmá Àgbà, ẹ máa ń hanrun o."

"Ìwọ ń wúkọ́, èmi ń hanrun. Ìyá rẹ ni kó wá nǹkan ki etí. Ó yá, fà á, olówó orí mi."