Oúnjẹ Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

"Eku ló kú síbẹ̀," ni Adébánjí wí, ó sì fi èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ rẹ̀.

"Eku wo ni yóò máa rùn bí ẹja?" Ọmọlabí, ìyàwó rẹ̀, fi etí ìró bo imú.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà sún. Kì í ṣe eku. Ọ̀rá dúdú kéékèèké ni, wọ́n so wọ́n lẹ́nu, wọ́n tò wọ́n ti ògiri. Adébánjí tú ọ̀kan. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú odindi ẹja tí ìdin ti wọ̀. Ó tú òmíràn. Ẹ̀bà tó ti bu ni. Ó ń tú wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe fíríìjì ni iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní Mowe, kì í sì í lè fi ohun tí kò bá yé e sílẹ̀.

"Oúnjẹ tí mo sè ni," ni Ọmọlabí wí, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀. "Gbogbo èyí tí mo sè láti ìgbà tí a ti dé láti Abẹ́òkúta."

Jésùlayọ̀mi nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Táífọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ mú un rù. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò padà sídìí abọ́. Ó ní òun ń gbààwẹ̀; wọ́n yìn ín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní inú ń run òun. Wọ́n ra oògùn ọgbẹ́ inú fún un. Àfi ìgbà tó dákú nílé ìwé. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Abẹ́òkúta ní anorẹ́síà ni wọ́n ń pè é, àìsàn tó ń mú kí ọkàn èèyàn máa bá oúnjẹ jà, tí aláìsàn á gbẹ bí igi, síbẹ̀ tí á máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tó sanra jù. Ó ní kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe oríkunkun. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ náà ti ń lù lọ́ra. Bí kò bá sanra sí i kí wọ́n tó padà wá, àwọn á dá a dúró sí ọsibítù.

Láti ìgbà náà ni Ọmọlabí ti máa ń gbé oúnjẹ sí yàrá fún un kó tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Abọ́ ń padà ní mímọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ló jẹ́rìí níwájú ìjọ.

"Mo gba máíkì," ó wí nísinsìnyí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ní ọmọ mi ti ń jẹun."

Adébánjí pe Nọ́ọ̀sì Ròkíátù, ẹni tó fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀ ní ọsibítù.

"Mà, ọmọ yìí ti ń tàn wá jẹ o."

"Àìsàn ló ń tan òun fúnra rẹ̀, Bàbá. Ta ló máa ń jókòó tì í tó bá ń jẹun?"

Adébánjí wo ìyàwó rẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ rí i? Abọ́ lẹ̀ ń ṣọ́, ẹ ò ṣọ́ ọmọ. Èmi lè wọ̀n ọ́n, dókítà lè yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n a ò lè bá a jẹun ní Mowe. Ẹ jọ jókòó, ẹ jọ jẹ. Ẹ má bú u. Tó bá jẹ tán, ẹ má jẹ́ kó dá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó má lọ bì í. Tó bá ń bínú, ẹ jẹ́ kó máa bínú."

Ọ̀sán ni Láyọ̀mi dé láti ibi ìdánrawò akọrin, ó wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Ó rí àwọn ọ̀rá nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Ohun táwọn kan ń wá jẹ!"

"Ìyá Láyọ̀mi, dúró ná." Adébánjí fa àpótí, ó jókòó. "Láyọ̀mi, mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Tí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, Dádì."

"Sọ ọ́ ná."

Ó fa apá súwẹ́tà rẹ̀ bo ọwọ́. "Ó dà bíi pé ẹnì kan wà nínú orí mi. Tí mo bá gbé ṣíbí, á ní, 'Gbé e mì, kó o bàjẹ́.' Tí mo bá dà á nù, á dákẹ́."

"Ohùn ọkùnrin ni àbí ti obìnrin?"

Láyọ̀mi wò ó bí ẹni tí kò retí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Ohùn èmi náà ni. Ibẹ̀ ló ti burú."

"Kí ló tún máa ń sọ?"

"Ó ní tí mo bá sanra, ẹnikẹ́ni ò ní rí tèmi rò mọ́. Lẹ́yìn táífọ́ọ̀dù, gbogbo èèyàn ló ń yìn mí. Wọ́n ní mo ti di sìsí."

Ọmọlabí gbójú sílẹ̀. Òun gan-an ló kó aṣọ ọmọ náà lọ fún télọ̀ kó bá a fún un mọ́ra. "Mo rò pé mò ń yìn ọ́ ni, Láyọ̀," ó wí jẹ́ẹ́. Ó mú fóònù, ó pe ọ̀gá rẹ̀ l'Ékòó pé òun ò ní wá Mọ́ńdè, ọmọ òun ń ṣàìsàn. Kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ará ìta rí.

Àsáró ni wọ́n jẹ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tábìlì kan. Láyọ̀mi ń fi ṣíbí ti iṣu káàkiri abọ́. Adébánjí kò wo abọ́ rẹ̀. Ó ń sọ nípa obìnrin kan ní ẹ́sítéètì OPIC tó ní fíríìjì òun kò tutù mọ́, nígbà tí Adébánjí sì ṣí i, bàtà ló kún inú rẹ̀.

"Bàtà ṣe dé inú fíríìjì?" ni Láyọ̀mi bi í.

"Ó ní eku ò lè débẹ̀."

Ẹ̀rín já lẹ́nu ọmọ náà, ṣíbí sì wọlé tẹ̀lé e. Ó jẹun bí ẹni ń gbé òkúta mì. Oúnjẹ tutù, Ọmọlabí gbé e padà sórí iná. Ìgbà tó dé ìdajì abọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó dìde.

"Mo fẹ́ tọ̀."

"Jókòó ná," ni Adébánjí wí. "A ó jọ jókòó díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n kọjá! Mo kórìíra yín! Ẹ̀yin méjèèjì!"

Ọwọ́ Ọmọlabí gbéra. Nínú ilé yẹn, ọmọ kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òbí rí. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, ó padà wálẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọmọ náà títí eékún wọn fi kanra.

"Láyọ̀, mò ń béèrè ni o. Ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn, àbí ohùn yẹn?"

Láyọ̀mi dúró, ó di etí tábìlì mú, ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má dìde."