Ọwọ́ Gbémisọ́lá

Mi ò mọ ọwọ́ yà. Nítorí náà, nínú ìtàn aláwòrán tí mo ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, abẹ́ ìbòrí ni Gbémisọ́lá máa ń kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Àwọn òǹkàwé ní ojú ló ń tì í. Àwọn òpè!

Lánàá, obìnrin kan kọ̀wé láti ìlú Kpogan: "Àǹtí, látìgbà tí iná ti jó mi lọ́wọ́ lèmi náà ti ń fi tèmi pamọ́. Ọjọ́ tí Gbémisọ́lá bá yọ tiẹ̀ síta, màá yọ tèmi."

Ó kù díẹ̀ kí n pa ìtàn náà rẹ́. Irú ẹ̀tàn wo ni mo ń tan obìnrin yìí? Mo bá jókòó, mo ya ọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Rídúwánù yọ ṣùtì sí i. "Ata ilẹ̀ lo yà yìí?"

"Ata ilẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá," mo ní, mo sì gbé e síta bẹ́ẹ̀.