Ọwọ́ Ìyá Ìmọ́tótó

Bí o bá ń wá ìjà nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìmọ́tótó, fi ọwọ́ tí o fi nu imú kan bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Á kọ́kọ́ wò ọ́ tòkè-tilẹ̀, á wá bi ọ́ bóyá ọṣẹ ló wọ́n nílé yín ni àbí omi. Òun fúnra rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọ kan kó má fọwọ́ kó tó kan òmíràn. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí ọṣẹ, ó sì ń fi í yangàn bí ẹni tó joyè.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kan kú ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí dókítà sì sọ pé inú wọ́ọ̀dù níbẹ̀ ni àrùn ti ràn án, Ìyá Ìmọ́tótó kò ro ara rẹ̀ sí i rárá. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tó máa ń tẹ fóònù ló fura sí. Ẹ̀rù tó ń bà á, ẹ̀rù ọmọ àbúrò rẹ̀ ni. Ọmọ náà wà nínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ara wọn móoru, ó sì kángun sí ti ọmọ tó kú gan-an. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún omijé ni àbúrò rẹ̀ tó rí i bí.

Ilé ìwòsàn wá mú olùkọ́ kan wá, pé kó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọn kò ṣe ní máa kó àrùn láti ara aláìsàn kan dé ara èkejì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó sọ̀rọ̀ títí, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n pa iná, kí wọ́n fa aṣọ fèrèsé.

"Ẹ má bínú sí mi o," ló wí. "Kí ẹ tó wọṣẹ́ láàárọ̀, mo ti fi àtíkè kan pa nǹkan kan ní wọ́ọ̀dù yín. Kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ojú lásán ò sì lè rí i, àfi iná tọ́ọ̀ṣì yìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kòkòrò àrùn ni. Ó yá, ẹ na ọwọ́ yín."

Ìyá Ìmọ́tótó ló kọ́kọ́ na tiẹ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Olùkọ́ tan tọ́ọ̀ṣì náà sí i lọ́wọ́, gbogbo ìka rẹ̀ sì tàn yòò. Ti àwọn ọmọge oní-fóònù, díẹ̀ ló wà lórí ìka. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Ìyá Ìmọ́tótó, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Mà, níbo lẹ fi í sí?" ni Ìyá Ìmọ́tótó bi olùkọ́.

"Ọwọ́ ẹ̀rọ omi," ni olùkọ́ dáhùn. "Ọwọ́ tó dọ̀tí lẹ fi ń ṣí i. Tí ẹ bá fọwọ́ tán, ọwọ́ tó mọ́ náà lẹ tún fi ń tì í. Ẹni tó bá ń fọwọ́ jù ló máa kó o jù."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyá Ìmọ́tótó wo ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí náà ló nu ẹnu ọmọ àbúrò rẹ̀, tó sì tọ́jú ìwọ́ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ olùkọ́, kò sì mọ bí ẹsẹ̀ ṣe gbé e dé wọ́ọ̀dù.

Àbúrò rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, wọ́n ti gbé ọmọ jáde fún un, ó gbé e sáyà.

"Fi aṣọ ṣíji bò ó," ni Ìyá Ìmọ́tótó wí fún un, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì náà.

Àmì ìka rẹ̀ ń tàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ó wà létí ẹnu. Ó yí ìwọ́ ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń tàn yẹn?"

"Àtíkè ni. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi àtíkè sọ́wọ́ ẹ̀rọ yẹn, kí ló wà níbẹ̀? Òun kan náà ló ń wẹ ọmọ tó kú. Ó pa tọ́ọ̀ṣì.

"Kí ló dé tí ẹ pa iná? Ẹ gba ọmọ, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọwọ́ yín nìkan ni mo fọkàn tán níbí."

Ìyá Ìmọ́tótó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Má gbé e fún mi." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ẹyọ kan pa mọ́.

Àbúrò rẹ̀ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan iwájú orí ọmọ. "Ara rẹ̀ ò gbóná, àbí?"

"Kò gbóná." Kò lè sọ fún un pé ara ọmọ tó kú náà kò kọ́kọ́ gbóná.

"Ẹ lọ fọwọ́ yín. Ojú mi báyìí ni kẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́."

Ó lọ. Ó fọ àtẹ́lẹwọ́, ó fọ ẹ̀yìn ọwọ́, ó fọ àárín ìka, ó ha abẹ́ èékánná títí awọ tó ti bó fi ń ta á. Ó ṣan ọṣẹ kúrò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì na ara rẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ láti tì í, bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dáyé iṣẹ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Igbe yẹn ló dá a dúró. Omi ń ya lọ. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omi ń kán ní ìgúnpá rẹ̀, kò sì mọ ohun tí òun lè fọwọ́ kàn mọ́. Àbúrò rẹ̀ fa ọmọ mọ́ àyà, ó rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.