Òkìtì Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Òjò tó rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ajé mú ọgbà ilé-ìwé tutù rinrin, síbẹ̀ nǹkan funfun ń rú tùù lórí òkìtì ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ọ̀gá àgbà rí i láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbá garawa mú. Kí Bàbá Ààtàn tó ti bárò ewé rẹ̀ dé, ọ̀gá ti da garawa omi méjìlá sí i.

Bàbá Ààtàn ni olùtọ́jú ọgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Bàbá Ààtàn, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ti ń to ajẹkù oúnjẹ àti ewé gbígbẹ léra kí wọ́n lè jẹrà di ajílẹ̀. Ọ̀gá sì ti kìlọ̀: bó bá ṣì ń rùn lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akólẹ̀ yóò kó o dànù.

"Mo ti bá yín paná o!" Ọ̀gá ń mí hẹlẹ.

"Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ kì í ṣe iná. Bó bá ń jẹrà dáadáa, inú rẹ̀ máa ń gbóná. Ooru rẹ̀ lẹ rí."

Ìyá Ìdáná tó ń se oúnjẹ ilé-ìwé, àbúrò olóògbé ìyàwó Bàbá Ààtàn, yọrí lójú fèrèsé ilé ìdáná.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà sọ́dọ̀ mi. Ọbẹ̀ mi náà ń rú ooru."

Bàbá Ààtàn kò rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ bọ òkìtì; ó tutù bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Òkìtì tó bá mumi yó, rírùn ló kù. Ohun gbígbẹ nìkan ló lè fa omi náà, òjò sì ti pa gbogbo ewé.

"Ìwé ńkọ́?" Ìyá Ìdáná fi ẹnu júwe ọ́fíìsì ọ̀gá, níbi tí ìwé ìdánwò ọdún mẹ́wàá ti ga dé àjà.

"Ìwé ìdánwò mi kẹ̀?"

"Àwọn tó kọ ọ́ ti bímọ, sà."

Bàbá Ààtàn wo ọ̀gá lójú. "Ẹ̀yin lẹ dá ọjọ́ Ẹtì, sà. Ẹ̀yin náà lẹ sì da omi."

Ọ̀gá yọ kọ́kọ́rọ́ lápò.

Wọ́n ń ya ìwé sórí òkìtì títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá ò lè ṣe kó má kà á.

"Ẹ wo eléyìí, òdo ló gbà!"

"Ẹ fi sísàlẹ̀, sà. Ó ti jẹrà tẹ́lẹ̀," ni Ìyá Ìdáná wí. Ó yíjú sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi ṣọ́bìrì yí òkìtì. "Bùọ̀dá, bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà láyé, á ní òkìtì yìí lẹ fẹ́ níyàwó."

"Ó ti sọ ọ́ rí," ni Bàbá Ààtàn wí, ó ń báṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá yí òkìtì ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fínmú.

"Ó ń rùn. Díẹ̀."

"Ó ń rùn, sà."

"Ká ní n ò da omi sí i ńkọ́?"

"Ì bá má rùn rárá."

Ọ̀gá wúkọ́. "Ó dáa. N ò pe ọkọ̀ kankan. Mo fún un lọ́sẹ̀ méjì sí i."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Bàbá Ààtàn wí, ó sì na ṣọ́bìrì sí i. "Apá ọ̀tún yẹn ló kù tá ò tíì yí."