Táìmtébù Oyèṣọlá

Bí a bá ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ àkókò í ṣètò ní gbogbo Ìkẹ́nnẹ́, Oyèṣọlá Lánípẹ̀kun ni. Bí a bá sì ń wá èyí tí àkókò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ni. Lọ́dún 1996 yẹn, táìmtébù tó lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ ni àlejò máa ń kọ́kọ́ rí: bírò pupa fún ìwé kíkà, búlúù fún iṣẹ́ ilé, aláwọ̀ ewé fún ìsinmi. Rúlà ló fi fa ìlà ibẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣe é, ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó fi kàwé gan-an. Nígbà tó parí, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì sùn.

Ìdánwò báyọ́lọ́jì ló wà níwájú. Ó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún kùnà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gboyè, òun á jókòó láàárín èrò, á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọjọ́ Sọ́ńdè sì ni ìdánwò náà, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Adventist ló ń lọ, Sátidé ni wọ́n fi ń sinmi níbẹ̀.

Táìmtébù ní kó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ọ̀sán Fráìdé. Oyèṣọlá kọ́kọ́ nu tábìlì. Ó fọ gíláàsì àtùpà. Ó wá rí i pé bírò pupa ti gbẹ, ó sì lọ ra òmíràn, torí ta ni yóò fi bírò búlúù kàwé tí táìmtébù ní pupa? Ìgbà tó padà dé, màmá rẹ̀ ti lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tán, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Oyèṣọlá, oòrùn ń wọ̀ o. Kó ìwé wá."

Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ìgbà tí oòrùn Fráìdé bá wọ̀ ni Sábáàtì ń wọlé, tí màmá rẹ̀ yóò kó ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí yóò yí kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀ kò sí Fráìdé kan tí oòrùn kì í bá a lójijì, àfi bíi pé àná ni wọ́n dá a. Ó kó ìwé sílẹ̀. Ó fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun fẹ́ lọ bẹ Kíkí, ọ̀rẹ́ òun ní kíláàsì tó ń gbé ní Ìpẹ̀rú, wò, pé ara rẹ̀ ò yá. Iṣẹ́ Sábáàtì ni ìbẹ̀wò aláìsàn, inú màmá rẹ̀ dùn, ó di ọsàn fún un. Oyèṣọlá ki ìwé báyọ́lọ́jì mọ́ Bíbélì nínú báàgì, ó wọ táksí.

Ara Kíkí le koko. Kò ní táìmtébù kankan, inú yàrá ló wà tó ń pariwo kàwé. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ebenezer, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìsìn láìsí i ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ló jókòó ní pálọ̀.

"Ọma Lánípẹ̀kun! Kú ìsinmi o. Kí lo gbé wá?"

"Ọsàn ni, sà. Mo tún fẹ́ bá Kíkí kàwé díẹ̀."

Bàbá bọ́ díńgí ojú rẹ̀. "Lónìí?"

"Díẹ̀ ni, sà."

"Ọma, lọ́la ni ìdánwò yín máa gba Kíkí kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ó dùn mí, àmọ́ mo ní kó lọ, torí ẹ̀yin lẹ nilé ìwé. Ẹni tó bá gba Sọ́ńdè mi lọ́wọ́ mi, dandan ni kó pa Sátidé tiẹ̀ mọ́. Àbí ká jọ ba méjèèjì jẹ́ ni? Mú ìwé yẹn wá."

Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí Oyèṣọlá jókòó kó bó ọsàn.

Inú bí i gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù: ó ń fa ìlà táìmtébù mìíràn nínú ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Kíkí kò jẹ́ kí ìlà náà dúró.

"Apá ọ̀tún ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé! Apá ọ̀tún! Ó di ẹ̀dọ̀fóró!"

Kò sí bírò lọ́wọ́ Oyèṣọlá, kò sí rúlà, kò sí tábìlì tí yóò nù. Etí nìkan ló kù. Kò pẹ́, òun náà ń mi ètè. Nígbà tí Kíkí ṣi ibì kan kà, ó tún un ṣe lábẹ́ ahọ́n. Ó rí i pé Bàbá ń wo òun, ẹ̀rù bà á.

"Ìwé ni mo gbà," ni Bàbá wí, ó fi ọsàn sẹ́nu. "Mi ò gba etí."

Oòrùn wọ̀, ó gba ìwé rẹ̀, ó padà sílé. NEPA ti mú iná lọ, ó sì sùn fọnfọn. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kò sí ìbéèrè tó kà tí kò gbọ́ igbe Kíkí nídìí rẹ̀.

Èsì jáde, ó yege. Ní Sábáàtì tó tẹ̀ lé e, màmá rẹ̀ dìde láti jẹ́rìí níwájú ìjọ.

"Ọmọ mi ò ṣíwèé lọ́jọ́ ìsinmi! Aláìsàn ló lọ bẹ̀ wò ní Ìpẹ̀rú, Ọlọ́run sì san án fún un!"

Halelúyà gba ilé kan. Ó yíjú sí Oyèṣọlá, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Sọ fún wọn, báwo lara aláìsàn náà?"

Oyèṣọlá dìde. Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti tò ó létòlétò. Ó wo ojú màmá rẹ̀, kò lè sọ ọ́.

"Ara rẹ̀ ti ń yá, mà," ló wí. "Òun ló dúró síwájú yín yìí."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé màmá rẹ̀ pé kò sí aláìsàn kankan ní Ìpẹ̀rú. Nígbà tó yé e, ó jókòó.