Omi Tútù Níwájú Alága

"Ẹ káàárọ̀, Alága," ni màmá apẹja kan wí, ó sì rọra tẹ orúnkún ba nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ara Alága bù máṣọ. Obìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí i yìí ni ìyá tó bí i lọ́mọ. Olórí àwọn apẹja ló yẹ kó wá sọ̀rọ̀, àìsàn ló dá a dúró láàárọ̀ yẹn, ni wọ́n bá fi Ìyá rọ́pò. Kò sẹ́ni tó sọ fún Alága tẹ́lẹ̀.

Ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló ń gbọ́ tẹnu aráàlú kí ìjọba tó fún ilé-iṣẹ́ elépo níwèé àṣẹ láti wá epo àti gáàsì lábẹ́ òkun. Òfin wọn kò lọ́jú pọ̀: bí ẹbí alága bá sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, yálà kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, tàbí kí alága dìde lórí àga. Ọkùnrin yìí sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọba kí àga náà tó kàn án. Ó wolẹ̀, kò jẹ́wọ́ pé ìyá òun ni, ó ní, "Ẹ máa wí, Ìyá."

"Àwa ò ní kí ìjọba má wá epo," ni Ìyá wí. "Àwọn ọmọ tiwa náà ń wáṣẹ́. Bó bá wà níbẹ̀, kó jáde. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń rán ariwo lọ sísàlẹ̀ òkun láti fi wá epo yẹn, ìgbà tí ẹja ń yé gan-an ni wọ́n fẹ́ mú un wá. Ta ló ń lulù lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìrọbí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, títí kan lọ́yà àwọn elépo. Ẹ̀rín yẹn ló fa ikọ́ Alága jáde. Ó nawọ́ sí ìgò omi tútù iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó gbé e dẹ́nu, Ìyá ti dé ìdí tábìlì, ó ti gba ìgò, ó sì ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ wò.

"Omi tútù lo tún ń mu pẹ̀lú ikọ́ yìí? Kí ni mo sọ fún ọ lórí fóònù lánàá?"

Ìyá wo ìgò ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló fi í síbẹ̀.

Lọ́yà dìde jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú, Alága. Ṣé ẹ bá màmá yìí tan ni?"

"Rárá o," ni Ìyá sáré dáhùn. "Àgbàlagbà ni mí, kò sọ́mọ tí mi ò lè bá wí."

Ìyá yìí kò mọ irọ́ pa láyé rẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ṣe pa èyí. Ìfẹ́ ìyá rẹ̀ gba Alága lọ́kàn, ojú sì tì í.

"Ìyá mi ni," ó ní. "Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́. Èmi ni mo máa dìde."

Ó fi àga sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀, ó lọ jókòó sáàárín àwọn apẹja. Ìyá tẹ̀ lé e.

"Ṣé wọn ò ní lé ọ báyìí?"

"Àga ni wọ́n máa gbà, Ìyá. Ìyẹn ò pa mí."

"Omi gbígbóná wà nínú fíláàsì mi. Mu ún."

Igbákejì ké sí i látorí àga. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Ìyá."

Ìyá padà sídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti dà rú. "Níbo ni mo bá a dé ná?"

Láàárín àwọn apẹja, ọmọ rẹ̀ gbé ife kúrò lẹ́nu.

"Ibi tí ẹja ti ń rọbí ni, Ìyá mi. Ẹ sọ ọ́ tán."